Bí ẹnjiníà tó mọ júdò ṣe tún kọ́ orúnkún ara ẹ̀ ní ìrìn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin àgbà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga, ọ̀rọ̀ yín la gbé dé lọ́sẹ̀ yìí o. Tí èèyàn bá dúró díẹ̀ lójú títì Ring Road níbí, nítòsí ọsibítù ìjọba, kó máa wo bí àwọn èrò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Micra, kò ní í pẹ́ tó fi máa mọ ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ọmọdé á fò bọ́ sílẹ̀. Àgbà á kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan síta, á di ilẹ̀kùn mú, ẹlòmíì á pe Jésù, ẹlòmíì á ní Bísímílà, kó tó di pé ìdí gbéra lórí ìjókòó. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ tán, gọ́tà tí wọ́n fi pákó kan ṣoṣo gbá lójú ló tún kù tó máa kọjá.

Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí i pé nǹkan méjì ló sábà máa ń sọ àgbà tó ń dá rìn di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni orúnkún. Ìkejì ni ìṣubú. Ìkíní sì máa ń fa ìkejì, nítorí pé ẹni tí orúnkún ń dùn kì í rìn mọ́, ẹni tí kò bá rìn mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á rọ, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá rọ, omi díẹ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀ ti tó láti gbé e ṣubú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹni tó wo ẹ̀yìn tí kò rí ẹnì kankan nílé ńkọ́?

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe wòlíì, kò sì ta àgbo. Ẹnjiníà ni, ó tún jẹ́ ọ̀gá nínú júdò, ìyẹn ìjàkadì àwọn ará Japan. Ó fi ìlú ẹ̀ sílẹ̀ lọ́mọdé, ó sì di àjèjì ní ilẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó dàgbà. Moshe Feldenkrais lorúkọ ẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1904, nílùú Slavuta, tó wà nílẹ̀ Ukraine lónìí, àmọ́ tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Júù làwọn òbí ẹ̀, ojú sì ń pọ́n àwọn Júù gan-an lápá ibẹ̀. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tún wá dá kún un. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tó di ẹrù ẹ̀, tó fi bàbá àti ìyá sílẹ̀, tó forí lé ilẹ̀ Palẹsítáìnì. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ọmọ yín tó wà ní JSS 3, èyí tẹ́ ẹ ṣì ń pariwo lé lórí pé kó lọ wẹ̀, kẹ́ ẹ wá ro ó pé òun náà ló di ẹrù lọ́jọ́ kan tó ní òun ń lọ sí ilẹ̀ tí òun kò dé rí.

Iṣẹ́ lébìrà ló kọ́kọ́ rí ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ìlú Tel Aviv lọ́wọ́ nígbà náà, òun náà sì wà lára àwọn tó ń fi agbára jẹun. Ó padà síléèwé girama, ìgbà tó sì ti lé lọ́mọ ogún ọdún ló tó parí ẹ̀. Ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kò tètè yé ní lẹ́sìn-ìnnì kó fi rówó jẹun, lẹ́yìn náà ló bá àwọn òyìnbó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya máàpù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí lẹ ní ọmọ tó gboyè ẹnjiníà nílé níbí, tó wá ń ti àga arúgbó kiri ní London tàbí Manchester. Ẹ má ka ìyẹn sí ìtìjú. Ẹni tí à ń sọ ìtàn ẹ̀ yìí, iyanrìn àti sìmẹ́ńtì ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìjà. Rògbòdìyàn máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn Júù àtàwọn Árábù nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ ọgbọ́n ìjà àwọn ará Japan tí wọ́n ń pè ní jùjítíṣù kí wọ́n lè gbèjà ara wọn. Ohun kan wá ń kọ Feldenkrais lóminú. Àwọn tó ti fi oṣù mélòó kan kọ́ ìjà yìí, tí ẹnì kan bá yọ ọ̀bẹ sí wọn lójijì, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ló máa ń fò lọ lórí wọn. Ohun tí ìbẹ̀rù bá ní kí ọwọ́ wọn ṣe náà ni ọwọ́ máa ń ṣe. Ẹlòmíì ì bá ní kí wọ́n lọ kọ́ ọ sí i. Òun ṣe é lódìkejì. Ó wo ohun tí ọwọ́ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe fúnra ẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà á, ó wá kọ́ ìdáàbòbò lé e lórí, kó lè jẹ́ pé ibi tí ara fẹ́ẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà á gbé e lọ. Ní 1931, ìwé tó kọ nípa ẹ̀ jáde lédè Hébérù. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú dáadáa, torí òun náà ló padà lò fún orúnkún.

Ní nǹkan bí 1930 ló tún di ẹrù ẹ̀, ó di ìlú Paris nílẹ̀ Faransé. Ó kàwé gboyè ẹnjiníà níbẹ̀ ní 1933, ó sì lọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Frédéric Joliot-Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òun àti ìyàwó ẹ̀, Irène, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1935. Ọdún 1933 yẹn kan náà ni Jigoro Kano wá sí Paris. Ẹni tí mò ń sọ yìí ló dá júdò sílẹ̀ ní Japan ní 1882, olùkọ́ iléèwé ni, kò sì ga rárá. Ó rí ìwé tí ọmọkùnrin Júù yìí kọ, ó sì rí i pé ẹni tó ń ronú ni. Láti ìgbà náà ni Feldenkrais ti gbájú mọ́ júdò, ó gba bẹ́líìtì dúdú, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ jùjítíṣù ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ ní 1936.

Ẹ̀yin ará Ring Road tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ ò ní í gbàgbé pé ní pápá ìṣeré Liberty tó wà nítòsí wa níbí, tí wọ́n ti sọ di Obafemi Awolowo Stadium ní 2010, ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀ ti fẹ́ẹ́ pàdánù nìyẹn. Júdò yàtọ̀. Ṣíṣubú ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ, kò tíì ní í mọ bí wọ́n ṣe ń di èèyàn mú rárá. Wọ́n á kọ́ ọ pé kó ká àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbálẹ̀, kó má na ọwọ́ gbọọrọ gba ilẹ̀, kó jẹ́ kí ara yí lọ bí agbè kí ìgbálẹ̀ náà lè pín kiri gbogbo ara dípò kó dá ojú kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń to egungun mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúlò tó. Ọrùn ọwọ́ tó kán pọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi gba ilẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í dán ṣíṣubú wò nínú pálọ̀. Iwájú ṣì ń bọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ orúnkún. Ní 1929, kó tó lọ sí Paris, Feldenkrais ṣèṣe ní orúnkún òsì níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà míì á dára, á rìn, nígbà míì á wú, kò ní í lè tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fúnra ẹ̀ nínú ìwé kan pé lọ́jọ́ kan tí èyí tó dùn náà ń dà á láàmú, tó ń fi ẹsẹ̀ kan tó dára ta kítíkítí lọ, ló bá tẹ epo lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ tó dára náà bá yẹ̀. Ó wá di aláìlẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó rá gòkè ilé ẹ̀, ó sùn. Nígbà tó jí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ tó ti ń dùn láti ọdún pípẹ́ yẹn ló rí dúró lé! Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, àtijọ́ wá di alágbára.

Pásítọ̀ á ní iṣẹ́ ìyanu ni. Ẹnjiníà yìí rò ó lọ́nà mìíràn. Ó ní kèrékèré orúnkún kò lè jinná lóru ọjọ́ kan. Tí orúnkún kan náà, pẹ̀lú ìpalára kan náà, kò bá ṣeé tẹ̀ lánàá tó sì ṣeé tẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé kì í ṣe inú orúnkún nìkan ni ọ̀rọ̀ wà. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ iṣan tó máa le àti èyí tó máa dẹ̀. Ọpọlọ ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ àtijọ́ yẹn, ó ń mú un le gbagidi kó má baà ṣèṣe sí i, nígbà tí kò sì sí ẹsẹ̀ mìíràn mọ́, ó tú u sílẹ̀.

Ogun ni kò jẹ́ kó jókòó ro ó dáadáa. Ní oṣù kẹfà, 1940, àwọn sójà Jámánì wọ Paris. Júù ni, ó ní láti sá. Ó sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ológun ojú omi sì gbà á síṣẹ́ ní Fairlie, lẹ́bàá òkun ní Scotland. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi rí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó tún ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìjà ọwọ́ lásán, kódà ó kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 1942. Àmọ́ orí ọkọ̀ tí omi ń tàn sí máa ń yọ̀, orúnkún náà bá tún gbóná. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó béèrè pé kí ni àǹfààní pé á yọrí sí rere, wọ́n ní ìdajì sí ìdajì, wọ́n tún ní orúnkún náà lè má ká dáadáa mọ́. Ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kọ́ ọ wò ná.

Ohun tó ṣe kò fa ojú mọ́ra rárá. Ó máa ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀, á mi ẹsẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò ní í tó ohun tí ẹni tó jókòó tì í á rí, á tún un ṣe, á tún un ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà, á máa ṣọ́ ohun tí ìbàdí ń ṣe, ohun tí ìhà ń ṣe, ibi tí mímí ti ń há. Ó rí i pé orúnkún kì í dá ṣe nǹkan kan. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí férémù ẹ̀ bá wọ́. Ìńjìsì lá máa dún, òun náà la ó sì máa da epo sí, bẹ́ẹ̀ férémù ni kò jẹ́ kó sinmi. Orúnkún ni ìńjìsì yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ká, kó sì nà. Tí ìbàdí bá ti le tí kò yí mọ́, tí ọrùn ẹsẹ̀ náà le, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, orúnkún ló máa lọ́, kò sì wà fún lílọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà pọ́ńbélé lèyí, ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ibi tí ẹrù ń gbà délẹ̀. Ọ̀rọ̀ júdò náà ni, torí ọ̀gá nínú júdò kì í bá alátakò jà níbi tó ti lágbára, ibi tí ìwúwo ẹ̀ wà ló máa ń wò.

Ó padà rìn dáadáa, ó sì padà sí orí ení júdò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi yé níbí. Mi ò sọ pé orúnkún náà jinná. Ìpalára inú ẹ̀ wà níbẹ̀, ó kàn kọ́ bí á ṣe máa lò ó ni. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni tí dókítà ti sọ pé kó ṣe iṣẹ́ abẹ kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ orúnkún lónìí kì í ṣe ti 1940, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún wà láàrin wa tí wọ́n ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Orúnkún tó bá wú lójijì tó gbóná tó sì mú ibà dání, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Ohun tí mo lòdì sí ni àwọn oògùn tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, ara ríro àti orúnkún pa pọ̀. Oògùn ara ríro tí èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè dá egbò sí inú ìkùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra ló ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sókè báyìí.

Ní 1949, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé, ó padà sí ilẹ̀ tó ti wá di Ísírẹ́lì ní nǹkan bí ọdún méjì sí i, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ fún àwọn ológun ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ pátápátá, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn. Ẹni tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni David Ben-Gurion, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, tí ẹ̀yìn ríro ti ń dà láàmú tipẹ́. Ọdún 1886 ni wọ́n bí bàbá náà. Ní 1957, oníròyìn kan ya fọ́tò ẹ̀ létí òkun, ó forí sọlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lókè, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Bàbá tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún! Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ojú tó ń le bí òkúta, kó má dán ìyẹn wò láé.

Àwọn èèyàn mìíràn tó wá bá a kò lè forí dúró, wọn ò tiẹ̀ lè fẹsẹ̀ dúró. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn fara pa nígbà ìbí. Kì í pe ohun tó ń ṣe ní ìwòsàn, ẹ̀kọ́ ló ń pè é, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ohun tó ṣe lọ. Ẹni tí wọ́n ń wò sàn máa ń dùbúlẹ̀ retí. Ẹni tó ń kọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ní 2015, àwọn oníwádìí kan gbé ìwádìí 20 yẹ̀ wò lórí ọ̀nà Feldenkrais yìí. Wọ́n rí i pé ó jọ pé ó ń ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti dúró déédéé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kò lágbára tó. Lọ́dún kan náà, ìjọba Australia ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó ńlá lọ́wọ́ yín lórúkọ ẹ̀. Èyí tó dájú ni pé eré ìdárayá tó ń kọ́ ara láti dúró déédéé, tó sì ń fún ẹsẹ̀ lágbára, ń dín ìṣubú àgbà kù. Àkójọ ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2019 fi í sí nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò kéré o, nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún, tó sì jẹ́ pé àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn oníṣẹ́ físíò ní ọsibítù wa ń kọ́ni ní irú eré yìí. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, mi ò gbàgbé yín. Feldenkrais wo bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń yí, bó ṣe ń fi àyà wọ́, bó ṣe ń rá, ó sì fi ṣe ẹ̀kọ́ fún àgbàlagbà, torí ibẹ̀ ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣeré lórí ení, kó dojú bolẹ̀ nígbà tó bá jí tẹ́ ẹ sì ń wò ó, kó rá kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgboyà pé ọmọ tèmi rìn ní oṣù mẹ́sàn-án kò fi kọ́bọ̀ kún ọjọ́ ọ̀la ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kó lè tètè rìn, ilẹ̀ Canada ti fòfin de títa ẹ̀ láti 2004, nítorí àwọn ọmọ tó bá a yí lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ tí kò bá sì jókòó lásìkò, tí ara ẹ̀ le jù tàbí tó rọ̀ jù, ẹ má gbé e pamọ́. Ẹ tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń béèrè bóyá kí ọmọ wọn lọ kọ́ júdò tàbí tàkwáńdò, ó dáa. Ọmọ ilẹ̀ wa, Chika Chukwumerije, gba àmì ẹ̀yẹ kọ́pà nínú tàkwáńdò ní Olympic Beijing ní 2008. Ẹ kàn lọ wo ibẹ̀ ná. Tí kò bá sí tìmùtìmù nílẹ̀, tí ọ̀gá wọn kò sì kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ṣíṣubú, ẹ fà á lọ́wọ́ padà sílé.

Àwa Yorùbá náà ní tiwa tẹ́lẹ̀. Ìjàkadì wà, ìkúnlẹ̀ wà. Kí tún ni ìdọ̀bálẹ̀, bí kì í bá ṣe pé èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ lọ sílẹ̀ kí wọ́n tún dìde láìfara pa? Ọmọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún wá ń fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀ báyìí, ó ní òun ti kí Bàbá. Ẹni tó ń kírun lójúmọ́, tó ń foríkanlẹ̀ tó sì ń dìde, ara ẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà ilẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ di àjèjì sí yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fa ara yín sókè tààrà, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ sún ìdí síwájú díẹ̀, ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kó wọ abẹ́ orúnkún, ẹ wá tẹ̀ síwájú láti ìbàdí títí imú á fi kọjá orí ìka ẹsẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìdí fẹ́ẹ́ gbéra fúnra ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ ó dìde. Ìwúwo orí àti àyà ló gbé yín, kì í ṣe orúnkún nìkan. Ẹ ṣe é bíi márùn-ún láàárọ̀, pẹ̀lú àga tó dúró gírígírí tí wọ́n fi ti ògiri, kẹ́nì kan sì wà nítòsí. Tẹ́ ẹ bá jí lóru láti lọ tọ̀, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó dìde, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì máa ń jẹ́ kójú èèyàn ṣókùnkùn tó bá dìde lójijì. Kí tọ́ọ̀ṣì wà níbi tọ́wọ́ ti lè bà á, ẹ mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná wa ṣe rí. Kẹ́nì kan bá yín fi búrọ́ọ̀ṣì ha ewédò inú balùwẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó wẹ̀ lórí àpótí tó lẹ́sẹ̀ fífẹ̀. Sálúbàtà tó ti jẹ, ẹ sọ ọ́ nù.

Àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀, Feldenkrais ń kọ́ àwọn tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kọ́ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ní Tel Aviv láàrin 1969 sí 1971, ó lọ sí San Francisco ní Amẹ́ríkà ní 1975, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Amherst ní 1980, èyí tí wọ́n lé ní 200, àìsàn ni kò jẹ́ kó parí tìyẹn fúnra ẹ̀. Ó kú ní Tel Aviv ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 1984, lẹ́ni 80 ọdún.

Ó ku bí ẹni tó ti ṣubú ṣe máa dìde. Ẹ má sáré. Ẹ dúró sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kẹ́ ẹ mí, kẹ́ ẹ wo ibi tó ń dùn. Tó bá jẹ́ ìbàdí ló ń dùn gidi, tàbí tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ tó sì yí síta, ẹ má dìde rárá, ẹ pariwo kí wọ́n wá gbé yín lọ sí ọsibítù. Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá forí gbá nǹkan. Tí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ìgbúnwọ́ ti ara yín sókè, ẹ bọ́ sórí ọwọ́ àti orúnkún, kẹ́ ẹ rá lọ síbi àga tó lágbára. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó lágbára jù síwájú, ẹ tì í, ẹ dìde, ẹ yí padà, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ má sáré wá fa Màmá lápá, èjìká ẹ̀ lè yẹ̀. Àga ni kẹ́ ẹ gbé wá, kẹ́ ẹ gbé e sí ibi tọ́wọ́ ẹ̀ á tó o, kẹ́ ẹ sì fún un láyè kó dìde.